Àkísà Àgbà Lára Aṣọ Tuntun: Ìtàn Ìbáramu Láàrin Àwọn Ẹ̀dà Ètò Alákòóso Kọ̀ǹpútà, 1964 sí 2021

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Nínú ìtàn kọ̀ǹpútà, òwe yìí bá ipò ètò alákòóso tuntun mu rẹ́gí. Ètò tuntun a máa ní aṣọ: ó yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì lè ṣe ohun tí ti àtẹ̀yìnwá kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ jáde, àkísà gan-an ni àwọn oníbàárà ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ètò tí wọ́n fi ń ṣírò owó-oṣù láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn yóò ṣì ṣiṣẹ́, àti bóyá ìwé tí wọ́n ti kọ pamọ́ yóò ṣì ṣeé kà. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, púpọ̀ nínú wọn kò ní ra aṣọ tuntun náà.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni ọ̀nà tí àwọn tí ń ṣe ètò alákòóso gbà dáhùn ìbéèrè yìí láti ọdún 1964, nígbà tí iléeṣẹ́ IBM gbé ọ̀wọ́ ẹ̀rọ System/360 jáde, títí di ọdún 2021, nígbà tí Windows 11 jáde láìsí ààyè fún àwọn ètò DOS àtijọ́ nínú rẹ̀. Èrò kan wọ́pọ̀ láàrin àwọn ènìyàn, pé ètò àtijọ́ a máa kú nítorí pé ẹ̀rọ tuntun kò lè gbé e mọ́. Àpilẹ̀kọ yìí yóò fi hàn pé èrò náà kò kún tó. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ tuntun lè gbé e. Ohun tí ó ń pinnu ìyè tàbí ikú ètò àtijọ́ ni ẹni tí ó gbà láti ru ẹrù rẹ̀.

2. Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Pàtàkì

Ó yẹ kí ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ yìí yóò máa lò yé ni kí ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀. Ètò alákòóso ni àkójọ àṣẹ tí ó ń darí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀: òun ni ó ń pín ibi ìpamọ́ fún àwọn ètò mìíràn, tí ó ń bá wọn ṣí fáìlì, tí ó sì ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ sí ojú ìwòran. Ètò ìlò ni èyí tí ènìyàn ń lò fún iṣẹ́ kan pàtó, bí ìwé kíkọ, ìṣirò tàbí eré. Ètò alákòóso dà bí baálé, ètò ìlò sì dà bí àlejò tí ó wá tọrọ ilẹ̀ dá oko. Àlejò kì í déédéé lọ ṣán igbó. Ó ní láti gba ẹnu-ọ̀nà wọlé, kí ó sì béèrè.

Ìbáramu, nínú iṣẹ́ yìí, ni pé kí àlejò tí baálé àtijọ́ gbà sílé ṣì rí ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ níbi tí ó wà nígbà tí baálé tuntun bá jẹ. Oríṣi àdéhùn méjì ni ó wà láàrin baálé àti àlejò. Àkọ́kọ́ ni ìlérí, èyí tí ẹni tí ó ṣe ètò alákòóso kọ sínú ìwé ìtọ́nisọ́nà pé ẹnu-ọ̀nà báyìí yóò ṣe iṣẹ́ báyìí. Èkejì ni àṣà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí àwọn tí ń kọ ètò ìlò ṣàkíyèsí pé bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí nígbà gbogbo, tí wọ́n sì gbójú lé e. Ìlérí rọrùn láti pa mọ́ nítorí pé ó ní ààlà. Àṣà ni ó ti dá wàhálà tí ó pọ̀ jù sílẹ̀ nínú ìtàn yìí, gẹ́gẹ́ bí àwọn àpẹẹrẹ tí ń bọ̀ yóò ti fi hàn.

3. IBM àti Ìpinnu Ọdún 1964

Kí ó tó di ọdún 1964, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀. Bí iléeṣẹ́ kan bá ra kọ̀ǹpútà tí ó tóbi ju èyí tí ó ní lọ, ó ní láti tún gbogbo ètò rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. IBM fúnra rẹ̀ ní oríṣiríṣi ẹ̀rọ tí kò gbọ́ èdè ara wọn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1964 ni ó kéde System/360, ọ̀wọ́ ẹ̀rọ ńlá àti kékeré tí wọn yóò máa gbọ́ àṣẹ kan náà. Gene Amdahl wà lára àwọn tí ó ṣe ìlànà rẹ̀. Fred Brooks ni ó sì ṣe olórí iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ IBM tí ó tà jù ní ìgbà náà ni 1401, èyí tí wọ́n kéde ní ọdún 1959, tí iye rẹ̀ sì ju 10,000 lọ kí wọ́n tó dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró. Èdè 1401 kò bá ti System/360 mu rárá. Iléeṣẹ́ Honeywell rí àǹfààní níbẹ̀: ní oṣù kejìlá ọdún 1963, ó kéde ẹ̀rọ Honeywell 200, ó sì fi ètò kan tí ń jẹ́ Liberator kún un, èyí tí ó ń sọ ètò 1401 di èyí tí ẹ̀rọ Honeywell lè lò. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún IBM ni pé bí àwọn oníbàárà rẹ̀ bá ní láti tún ètò wọn kọ dandan, kò sí ìdí tí wọn kò fi ní ya sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìdáhùn IBM ni pé kí wọ́n fi àwọn àṣẹ kéékèèké pamọ́ sínú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ọ̀wọ́ náà, bí irú èyí tí a ń pè ní Model 30, kí ẹ̀rọ tuntun lè máa ṣe bí 1401 nígbà tí ètò 1401 bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìṣàfarawé ni èyí: ẹ̀rọ kan gbé agọ̀ ẹ̀rọ mìíràn wọ̀. Àwọn oníbàárà gbé ètò wọn lọ sórí ẹ̀rọ tuntun láìtún un kọ.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó jáde láti inú ìtàn yìí. Èkínní, ìbáramu kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí inú rere. Ìbẹ̀rù pé oníbàárà yóò lọ ni ó bí i. Èkejì, ìlérí tí a bá ṣe lẹ́ẹ̀kan a máa pẹ́ ju ẹni tí ó ṣe é lọ. Ẹ̀rọ ńláńlá tí IBM ń tà ní òde òní, tí ìlànà wọn ń jẹ́ z/Architecture láti ọdún 2000, ṣì lè gba ètò ìlò tí a kọ fún System/360, lẹ́yìn ohun tí ó ju ọgọ́ta ọdún lọ.

4. Láti CP/M dé DOS: Bí Àṣà Ṣe Ń Di Òfin

Nígbà tí kọ̀ǹpútà kékeré dé, ètò alákòóso tí ó gbajúmọ̀ jù láàrin àwọn oníṣòwò ni CP/M, èyí tí Gary Kildall ṣe ní ọdún 1974 fún ẹ̀rọ Intel 8080. Ní ọdún 1980, Tim Paterson, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Seattle Computer Products, kọ ètò alákòóso fún ẹ̀rọ tuntun, Intel 8086. Ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò kọ ètò ìlò fún ẹ̀rọ tí kò tíì ní oníbàárà. Nítorí náà, ó ṣe ẹnu-ọ̀nà ètò rẹ̀ ní àwòrán ti CP/M, kí ó lè rọrùn láti túmọ̀ àwọn ètò tí ó ti wà. Microsoft ra iṣẹ́ yìí ní ọdún 1981, ó sì di DOS, èyí tí ó bá ẹ̀rọ IBM PC jáde ní oṣù kẹjọ ọdún náà.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni DOS ti gbé àkísà ẹlòmíràn wọ̀. Nígbà tí ẹ̀dà 2.0 jáde ní ọdún 1983, Microsoft mú ọ̀nà tuntun wá fún ṣíṣí fáìlì, ọ̀nà tí ó gba àpò-fáìlì sínú àpò-fáìlì. Síbẹ̀, kò ti ẹnu-ọ̀nà tí ó ti ọ̀dọ̀ CP/M wá. Méjèèjì wà níbẹ̀ pọ̀. Ètò tuntun ń gba ti tuntun, ètò àtijọ́ sì ń gba ti àtijọ́.

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó fi agbára àṣà hàn jù ni ti okùn àdírẹ́sì ogún. Ẹ̀rọ 8088 tí ó wà nínú IBM PC ní ogún okùn tí ó fi ń ka àdírẹ́sì ibi ìpamọ́, tí a ń kà láti 0 dé 19. Nítorí náà, kò lè kà ju 1,048,576 àdírẹ́sì lọ. Bí ètò kan bá ka iye tí ó kọjá ìyẹn, kíkà náà a máa yí padà sí òdo, bí aago ṣe ń kúrò ní méjìlá bọ́ sí ọ̀kan. Àwọn tí ń kọ ètò ṣàkíyèsí yíyí padà yìí, àwọn kan sì gbójú lé e. Ẹnu-ọ̀nà CP/M tí DOS pa mọ́ pàápàá gbójú lé e.

Ní ọdún 1984, IBM gbé PC/AT jáde, èyí tí ó ní ẹ̀rọ 80286. Ẹ̀rọ yìí ní okùn àdírẹ́sì mẹ́rìnlélógún, kíkà rẹ̀ kò sì yí padà sí òdo mọ́ nígbà tí ó bá kọjá ààlà àtijọ́. Lójú ẹni tí kò mọ ìtàn, àtúnṣe ni èyí. Lójú àwọn ètò tí ó gbójú lé yíyí padà, ìparun ni. IBM wá fi ilẹ̀kùn kan sí orí okùn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 20, kí a lè tì í nígbà tí ètò àtijọ́ bá ń ṣiṣẹ́, kí a sì ṣí i fún ètò tuntun. Nítorí pé ààyè ṣófo nínú ẹ̀yà tí ó ń ṣàkóso pátákó ìtẹ̀wé, ibẹ̀ ni wọ́n so ìdarí ilẹ̀kùn náà mọ́. Báyìí ni ẹ̀yà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ ìtẹ̀ ìka ènìyàn ṣe di olùṣọ́ ibi ìpamọ́. Kò sí ìwé ìtọ́nisọ́nà DOS tí ó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé kíkà yóò máa yí padà. Àṣà lásán ni. Ṣùgbọ́n àṣà náà pọ̀ lẹ́sẹ̀ tó láti yí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀rọ padà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

5. Windows 95 àti Ẹ̀tàn Tí Ó Ṣe Àǹfààní

Ní ọdún 1985, Intel gbé ẹ̀rọ 80386 jáde, ó sì fi ohun kan sínú rẹ̀ tí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ kan ṣe bí ọ̀pọ̀ 8086 lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun èlò yìí ni Windows 3.0 ti ọdún 1990 àti Windows 95 ti oṣù kẹjọ ọdún 1995 lò láti fún ètò DOS kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi rò pé òun nìkan ni ó ni ilé.

Yàrá nìkan kò tó. Ìṣòro wà nínú nọ́ńbà ẹ̀dà pàápàá. Ètò tí ó nílò Windows 3.10 ó kéré jù ní láti yẹ nọ́ńbà ẹ̀dà wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni láti bèèrè bóyá nọ́ńbà àkọ́kọ́ ju 3 lọ. Bí ó bá jẹ́ 3 gan-an, kí a wá bèèrè bóyá nọ́ńbà kejì tó 10. Ṣùgbọ́n àwọn kan bèèrè ìbéèrè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ṣé èkínní tó 3, ṣé èkejì sì tó 10? Lórí Windows 3.10, àṣìṣe yìí kò hàn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà Windows 95 gan-an ni 4.0. Òdo kò tó mẹ́wàá. Irú àwọn ètò bẹ́ẹ̀ yóò sọ pé Windows yìí ti dàgbà jù fún iṣẹ́, wọn yóò sì kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀. Nítorí èyí, Windows 95 a máa sọ fún àwọn ètò bíìtì 16 pé 3.95 ni òun.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. MS-DOS 5.0 ti ọdún 1991 ti ní àṣẹ kan tí ń jẹ́ SETVER, èyí tí ó ní àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ètò àti nọ́ńbà ẹ̀dà tí ó yẹ kí a sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n náà kò sì tán síbẹ̀. Windows 7 ti ọdún 2009 pe ara rẹ̀ ní 6.1 nínú ara rẹ̀ kí ó má baà dẹ́rù ba àwọn ètò tí ó mọ Vista, tí nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ 6.0. Títí di Windows 11, nọ́ńbà tí ètò ń bá pàdé nínú lọ́hùn-ún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10.

Àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀ jù ni ti eré SimCity. Gẹ́gẹ́ bí Joel Spolsky ṣe ròyìn rẹ̀ ní ọdún 2000, àṣìṣe kan wà nínú eré náà: ó máa ń ka ibi ìpamọ́ tí ó ti dá padà fún ètò alákòóso. Lórí Windows tí ó ṣáájú, kò sí ẹni tí ó yára gba ibẹ̀, nítorí náà eré náà kò kú. Nínú Windows 95, ibi tí a bá dá padà lè bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn kíákíá. Ìròyìn náà sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ Microsoft fi àṣẹ kan kún Windows 95 tí yóò máa wò bóyá SimCity ni ó ń ṣiṣẹ́; bí ó bá jẹ́ òun ni, ètò alákòóso kò ní yára gba ibi ìpamọ́ náà padà.

Ìbéèrè ìwà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó kọ eré náà ni ó ṣẹ̀. Kí ló dé tí ẹlòmíràn fi ń san gbèsè rẹ̀? Ìdáhùn wà lọ́dọ̀ oníbàárà. Ẹni tí ó ra Windows 95 ní alẹ́, tí eré rẹ̀ sì kú ní òwúrọ̀, kò ní wo inú eré láti mọ ibi tí àṣìṣe wà. Ohun tí ó yí padà láàrin alẹ́ àti òwúrọ̀ ni Windows; Windows ni yóò dá lẹ́bi, ilé ìtajà ni yóò sì dá a padà sí.

6. Láti Ògbufọ̀ dé Títì Ilẹ̀kùn

Ní ọdún 2001, Windows XP kó àwọn onílé àti àwọn oníléeṣẹ́ jọ sórí ìpìlẹ̀ kan náà, èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ Windows NT ti ọdún 1993 wá. Àwọn ètò tí a kọ fún Windows 95 wá bá ara wọn nílé baálé tí wọn kò mọ̀. Ọ̀nà tí Microsoft gbà ni láti fi ògbufọ̀ sáàrin. Bí ètò tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ bá béèrè nǹkan, ògbufọ̀ yóò gba ọ̀rọ̀ náà, yóò tún un sọ ní ọ̀nà tí baálé tuntun lè gbọ́, yóò sì mú èsì padà ní ọ̀nà tí àlejò mọ̀. Èyí sàn ju ti SimCity lọ ní ọ̀nà kan: àtúnṣe fún ètò kan kò sí nínú ọkàn ètò alákòóso mọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó wà.

Windows Vista, tí ó dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn ní oṣù kìíní ọdún 2007, lo irú ọgbọ́n yìí ní ọ̀nà tí ó gbòòrò. Lórí XP, ọ̀pọ̀ ètò a máa kọ fáìlì wọn sí ibi tí ó yẹ kí alábòójútó nìkan máa kọ ọ́ sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ onílé ń lo agbára alábòójútó nígbà gbogbo. Nítorí ààbò, Vista gba agbára yìí lọ́wọ́ wọn. Kí àwọn ètò náà má baà kú, ó ń darí ohun tí wọ́n bá kọ lọ sí ibi ìpamọ́ ọ̀tọ̀ tí ó jẹ́ ti olùlò náà nìkan, ó sì jẹ́ kí ètò náà rò pé ibi tí òun fẹ́ gan-an ni òun kọ ọ́ sí. Pẹ̀lú gbogbo akitiyan yìí náà, ọ̀pọ̀ ètò àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ láti bá Vista ṣiṣẹ́, ìyẹn sì wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ènìyàn rọ̀ mọ́ XP.

Ìyípadà tí ó tóbi jù ni ti bíìtì 64. Ní ọdún 2003, AMD gbé ẹ̀rọ Opteron jáde. Ní ọdún 2005, Windows XP fún irú ẹ̀rọ yìí tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ̀rọ yìí bá ń ṣiṣẹ́ ní bíìtì 64, yàrá tí 80386 ṣe fún ètò DOS kò sí níbẹ̀ mọ́. Títí dé ibí yìí, a lè dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ètò Windows tí ó jẹ́ bíìtì 16 yàtọ̀. Ẹ̀rọ náà ṣì lè gbọ́ èdè wọn. Àlàyé tí Microsoft ṣe ni pé nọ́ńbà tí Windows bíìtì 64 fi ń dá àwọn ohun inú rẹ̀ mọ̀ gùn tó bíìtì 32, kò sì ṣeé gé kù sí 16 kí ó má sọ ìtumọ̀ nù. Òótọ́ ni àlàyé yìí, ṣùgbọ́n ìrírí àtẹ̀yìnwá fi hàn pé ìṣòro tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti bá yí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n wọn àǹfààní mọ́ ìnáwó, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ó kù lórí bíìtì 16 kò pọ̀ tó mọ́.

Ẹ̀rí ìpinnu yìí wà nínú ohun kékeré kan. Àwọn ètò bíìtì 32 kan wà tí ètò ìfisórí-ẹ̀rọ wọn jẹ́ bíìtì 16. Bí a bá fi ọwọ́ líle mú òfin, wọn kì bá tí lè dé orí ẹ̀rọ. Microsoft ṣe ètò bíìtì 32 tí ó lè rọ́pò díẹ̀ nínú àwọn ètò ìfisórí-ẹ̀rọ tí ó gbajúmọ̀ jù, ó sì ń pààrọ̀ wọn láìsọ fún olùlò. Níbi tí oníbàárà pọ̀ sí, ọ̀nà wà.

Windows 10 tí ó jẹ́ bíìtì 32 ni ó gba ètò DOS kẹ́yìn. Windows 11, tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, kò ní ẹ̀dà bíìtì 32 rárá, àtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún Windows 10 sì dópin ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ogójì ọdún ni ilẹ̀kùn tí a ṣí ní 1981 fi wà ní ṣíṣí nínú ẹ̀dà tuntun kọ̀ọ̀kan kí a tó tì í.

7. Ọ̀nà Tí Apple Gbà

Ìfiwéra pẹ̀lú Apple yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí túbọ̀ hàn. Nígbà tí Apple kúrò lórí ẹ̀rọ Motorola 68000 bọ́ sí PowerPC ní ọdún 1994, ó fi ètò ìṣàfarawé sínú ẹ̀rọ tuntun. Nígbà tí Mac OS X dé ní ọdún 2001, ó ṣe yàrá kan tí ń jẹ́ Classic fún àwọn ètò àtijọ́. Nígbà tí ó bọ́ sórí ẹ̀rọ Intel ní ọdún 2006, ó ṣe Rosetta. Títí dé ibí yìí, kò yàtọ̀ sí IBM.

Ibi tí ó ti yàtọ̀ ni pé Apple a máa wó afárá lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ bá ti rékọjá. Classic kò sí nínú ẹ̀dà ọdún 2007. Rosetta kò sí nínú ẹ̀dà ọdún 2011. Ẹ̀dà Catalina ti ọdún 2019 kò gba ètò bíìtì 32 kankan mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ Intel tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì lè gbọ́ wọn dáadáa. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Apple gbé ẹ̀rọ M1 jáde pẹ̀lú Rosetta 2. Níbí ni ìpìlẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí ti fara hàn jù: ohun tí ó pa ètò bíìtì 32 lórí Catalina kì í ṣe àìlágbára ẹ̀rọ, ìpinnu ni.

8. Àwọn Àkọsílẹ̀ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ yìí kan àkọsílẹ̀ èdè Yorùbá ní tààrà. Ìlànà àmì-ìkọ̀wé tí ọ̀pọ̀ ètò àtijọ́ ń lò ní ààyè 256 péré, kò sì sí ẹ, ọ àti ṣ nínú èyí tí a ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù. Láti lè tẹ Yorùbá, àwọn ènìyàn ṣe fọ́ǹtì tí ó gba ààyè àmì mìíràn, tí ó sì ya àwòrán lẹ́tà Yorùbá síbẹ̀. Lójú ènìyàn, ẹ ni ó wà lórí ìwé. Lójú kọ̀ǹpútà, àmì ilẹ̀ mìíràn ni. Bí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bá dé orí ẹ̀rọ tuntun tí kò ní fọ́ǹtì náà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yóò dàrú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí báìtì kan tí ó sọnù nínú rẹ̀.

Ìlànà Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nígbà tí ó yá. Ṣùgbọ́n ẹ tí ó ní àmì ohùn òkè lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo títí di òní. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni a ń tò tẹ̀ lé ara wọn, ètò alákòóso ni yóò sì gbé ọ̀kan lé èkejì lórí. Nítorí náà, ẹ̀dà ètò alákòóso tí ó mọ ètò yìí yóò fi ọ̀rọ̀ hàn bí ó ti yẹ, èyí tí kò mọ̀ ọ́n yóò sì tú u ká. Kò sí iléeṣẹ́ ńlá tí yóò fi ògbufọ̀ sáàrin fún fọ́ǹtì tí ẹnìkan ṣe fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan. Àwọn tí ó ni ìwé náà ni wọn yóò ru ẹrù náà: wọ́n ní láti tú fáìlì náà sí Unicode nígbà tí ẹni tí ó mọ fọ́ǹtì àtijọ́ náà ṣì wà láyé.

9. Ta Ni Yóò Ru Ẹrù?

Èrò méjì ni ó ń takora láàrin àwọn onímọ̀. Àwọn kan sọ pé kí a tún ilé ṣe pátápátá, nítorí pé ẹnu-ọ̀nà àtijọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibi tí olè lè gbà wọlé, ó sì ń dí ìlọsíwájú lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ wọn ní ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn sọ pé iṣẹ́ àti owó àwọn ènìyàn wà nínú ètò àtijọ́, àti pé ẹni tí ó bá já ìlérí lónìí kò ní rí ẹni gbà á gbọ́ lọ́la. Ọ̀rọ̀ tiwọn náà ní ẹsẹ̀. Linus Torvalds wà lára àwọn tí ó di èrò kejì mú: òfin tí ó fi lélẹ̀ fún ìpìlẹ̀ Linux ni pé àtúnṣe inú kò gbọdọ̀ ba ètò ìlò tí ó ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́.

Ohun tí èrò méjèèjì kì í sábà sọ ni pé ẹrù náà kì í pòórá. Bí olùṣe ètò alákòóso bá sọ ọ́ kalẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò gbé e. Àtìlẹ́yìn fún Windows XP dópin ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014. Àwọn tí ètò tàbí ẹ̀rọ iṣẹ́ wọn kò bá ẹ̀dà mìíràn ṣiṣẹ́ dúró lórí rẹ̀ láìsí ààbò. Nígbà tí kòkòrò WannaCry jà káàkiri ayé ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, Microsoft fúnra rẹ̀ gbé àtúnṣe jáde fún XP, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ó ti dágbére fún un. Ẹrù tí a sọ kalẹ̀ padà wá bá ẹni tí ó sọ ọ́.

Ọ̀nà kẹta ti ń hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Ètò DOSBox, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2002, ń ṣàfarawé odindi kọ̀ǹpútà DOS lórí ẹ̀rọ tuntun. Àwọn olùyọ̀ǹda ni ó kọ ọ́. Ní ọdún 2015, Internet Archive lo irú ọgbọ́n yìí láti jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè fi eré DOS tí ó ju 2,000 lọ ṣeré láti ibikíbi. Báyìí, baálé kò ní láti fi ibojì gbogbo babańlá sínú pálọ̀; a kọ́ ilé ọ̀tọ̀ fún wọn, ẹni tí ó bá fẹ́ sì lè lọ kí wọn níbẹ̀. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé eré ní olólùfẹ́ tí yóò ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nítorí rẹ̀. Ètò ìṣirò owó ti iléeṣẹ́ kékeré kan kò ní irú olólùfẹ́ bẹ́ẹ̀.

10. Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti tọ ipa ìbáramu láti ìṣàfarawé 1401 títí dé títì ilẹ̀kùn DOS. Ó ti fi hàn pé àṣà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ lè de olùṣe ètò alákòóso ju ìlérí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lọ. Pé ìbẹ̀rù àtilọ oníbàárà ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn, kíkéré iye oníbàárà ni ó sì ń tì í. Àti pé agbára ẹ̀rọ kì í sábà jẹ́ ìdí kan ṣoṣo. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí iye rẹ̀ kò pọ̀ lọ́jà kò lè fi ìpamọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sí ọwọ́ olùtajà. Ó ní láti mọ irú àwọ̀ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, kí ó sì máa gbé e láti ilé àtijọ́ bọ́ sí ilé tuntun kí ilẹ̀kùn tó tì. Ìwádìí tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé èyí ni kíka iye àkọsílẹ̀ Yorùbá tí ó ṣì wà nínú fọ́ǹtì àtijọ́, àti mímọ àwọn tí ó ṣì lè kà wọ́n.